Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin onílé-iṣẹ́ ńlá tí ẹ ń dáwó fún tọ̀tún tòsì

Ẹ̀yin ọ̀gá wa onílé-iṣẹ́ ńlá,

Ẹ kú ìnáwó o.

Mi ò fi ìkíni yẹn ṣe yín ní yẹ̀yẹ́. Owó tí ẹ ń ná sórí ọ̀rọ̀ ìbò kì í ṣe owó kékeré, ẹni tó bá sì náwó tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ ká kí i. Àmọ́ ẹni tí a bá kí pé ó kú ìnáwó, a ti mọ ohun tó ń ṣe tó fi ń náwó. Tiyín nìkan ni a kì í mọ̀. A ó kàn gbọ́ pé ẹ ti fún Lágbájá. Kó tó pẹ́, a ó tún gbọ́ pé ẹ ti fún Tàmẹ̀dò, tí òun àti Lágbájá jọ ń du ipò kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ẹni tí mò ń bá wí, kí ẹlòmíì má baà gba ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ sára. Bí olówó kan bá fẹ́ràn ẹgbẹ́ òṣèlú kan, tó gba ohun tí wọ́n ń sọ gbọ́, tó yọ owó nínú àpò ara rẹ̀, tó sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i gàdàgbà, èmi àti onítọ̀hún ò ní ìjà. Ó lè jẹ́ pé mi ò fẹ́ràn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ò kan ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Ẹ̀yin tí mo kọ lẹ́tà yìí sí ni ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọwọ́ ọ̀tún fún ìjọba tó wà lórí àléfà, tí ẹ sì ń fi ọwọ́ òsì fún àwọn tó fẹ́ gba ìjọba lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá wọlé, tiyín ni. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, ẹ ti fi nǹkan dè é sílẹ̀ de ọdún mẹ́rin sí i.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìntì. Bí èèyàn bá ti fi ogún ọdún wo ìwé owó ilé-iṣẹ́, ojú rẹ̀ á ti mọ ibi tí nǹkan máa ń sá pamọ́ sí. Ilé-iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ní kí n wá bá wọn yẹ ìwé wò nígbà kan, mi ò ní dárúkọ wọn. Owó ńlá kan jáde nígbà tí ìbò ku oṣù kan, wọ́n kọ "owó ìmọ̀ràn" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo yí ojú ìwé, mo tún rí òmíràn, iye kan náà, ọjọ́ kan náà, "owó ìmọ̀ràn." Mo bi ọ̀gá tó wà níbẹ̀ pé ìmọ̀ràn wo ni wọ́n rà lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, pé ta ló sì gbà wọ́n nímọ̀ràn. Ó wò mí títí. Ó ní, "Wọ́n gbà wá nímọ̀ràn pé ká má máa béèrè ọ̀rọ̀ jù." Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Títí dòní ni ẹ̀rín yẹn ṣì ń tì mí lójú.

Ẹ má ní mò ń pa irọ́ mọ́ yín. Ọ̀kan nínú yín ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lójú gbogbo ayé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2015, àwọn tó ń wá tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ Republican láti di Ààrẹ Amẹ́ríkà jọ dúró lórí pèpéle, tẹlifíṣọ̀n ń gbé e. Wọ́n bi Donald Trump, tó jẹ́ oníṣòwò ilé àti ilẹ̀ nígbà náà, nípa owó tó ti ń dá fún àwọn olóṣèlú ẹgbẹ́ kejì. Kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní gbogbo wọn lòun máa ń fún. Bí wọ́n bá ti pe òun, òun á fún wọn. Bó bá wá di ọdún méjì, ọdún mẹ́ta sígbà náà, tí òun nílò nǹkan lọ́wọ́ wọn, òun á pè wọ́n, wọ́n á sì dá òun lóhùn. Wọ́n ní kí ló wá rí gbà lọ́dọ̀ Hillary Clinton? Ó ní òun sọ fún un pé kó wá síbi ìgbéyàwó òun, ó sì wá, kò sí bí kò ṣe ní í wá, torí pé òun ti dáwó. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. (Ẹ ò rí i pé ẹ̀rín pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí?) Ohun tí ẹ bá fẹ́ ni kí ẹ rò nípa Trump, n kò tíì gbọ́ kí olówó ṣàlàyé iṣẹ́ yìí kó yéni tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n bó bá di ti ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, ìdílé Flick ní Jámánì ni mo máa ń rántí.

Irin àti èédú ni Friedrich Flick, ìyẹn bàbá, fi di olówó. Ní ọdún 1932, nígbà tí ìlú ń gbóná, ó kó owó gọbọi fún ìpolongo ìbò Hindenburg, Hindenburg tí òun àti Hitler jọ ń du ipò Ààrẹ. Ọ̀nà míì wà tí owó rẹ̀ tún ń gbà dọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ míì, títí kan ẹgbẹ́ Hitler. Nígbà tó di ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 1933, ó wà lára àwọn onílé-iṣẹ́ bíi 25 tí Göring, ọ̀kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn Hitler tó lágbára jù, pè sí ilé rẹ̀ ní Berlin. Gustav Krupp, onílé-iṣẹ́ irin àti ohun ìjà, wà níbẹ̀. Àwọn aṣojú IG Farben tí wọ́n ń ṣe kẹ́míkà wà níbẹ̀. Hitler, tí kò tíì pé oṣù kan tó di olórí ìjọba, bá wọn sọ̀rọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀. Krupp dúpẹ́ lórúkọ gbogbo wọn, Hitler sì bá tiẹ̀ lọ.

Ìgbà náà ni Göring wá tú kẹ̀kẹ́ ọ̀rọ̀. Ó ní ìbò tí wọ́n fẹ́ dì ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta yẹn, òun ló máa kẹ́yìn fún ọdún mẹ́wàá, bóyá fún ọgọ́rùn-ún ọdún pàápàá. Ṣe lo máa rò pé ó fi ń dẹ́rù bà wọ́n. Rárá o, ó fi ń tù wọ́n nínú ni, pé bí ìnáwó yìí bá tiẹ̀ dunni, kò ní pẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ni Hjalmar Schacht, tó ti ṣe olórí báǹkì ìjọba wọn rí, gbé ọ̀rọ̀ owó kalẹ̀: mílíọ̀nù 3 máàkì. IG Farben nìkan dá 400,000.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúró sínú yàrá yẹn díẹ̀. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ kì í ṣe òpè. Wọ́n mọ ìṣirò, wọ́n mọ ayé. Wọ́n gbọ́ ọ létí ara wọn pé ìbò ti fẹ́ tán nílùú wọn, ohun tí wọ́n sì ṣe ni pé wọ́n fa kálámù yọ. Mo ti ro ó lọ, mo ti ro ó bọ̀, ibì kan náà ni mò ń bá a sí. Ẹni tó bá ti ń fún tọ̀tún tòsì fún ìgbà pípẹ́, ohun kan ṣoṣo ni yóò fi mọ̀ pé wọ́n ti pa ẹ̀gbẹ́ kan rẹ́: ìnáwó rẹ̀ á dín kù.

Bí ẹ bá ń retí kí n sọ bí ìyà ṣe jẹ bàbá yìí, ìyà jẹ ẹ́ díẹ̀. Ilé ẹjọ́ Nuremberg dá ẹ̀wọ̀n ọdún 7 fún un ní òpin ọdún 1947, nítorí àwọn èèyàn tí wọ́n fi tipátipá kó wá ṣiṣẹ́ ẹrú nílé-iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ohun ìní àwọn ẹlòmíì tó gbà, àti nítorí owó tó ń fún SS, ẹgbẹ́ ológun Hitler. Ó jáde ní 1950. Nígbà tó máa kú ní 1972, ó tún ti wà lára àwọn tó lówó jù ní Jámánì. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Ọmọ rẹ̀, Friedrich Karl, ló wá jogún ilé-iṣẹ́, tó sì jogún ìwà. Ní 1975, wọ́n ta púpọ̀ nínú ìpín ìdókòwò tí wọ́n ní nínú ilé-iṣẹ́ mọ́tò Daimler-Benz fún Deutsche Bank, ó tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.9 máàkì. Owó orí tó yẹ kó kan ìjọba nínú rẹ̀ sún mọ́ bílíọ̀nù kan. Wọ́n kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n dárí owó orí náà jì wọ́n, pé ìdókòwò tó máa ṣe orílẹ̀-èdè láǹfààní ni wọ́n fẹ́ fi owó yẹn ṣe. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọrọ̀ ajé dárí púpọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ jì wọ́n. Láàárín ọdún 1969 sí 1980, ilé-iṣẹ́ Flick yìí kan náà ti pín owó tó ju mílíọ̀nù 25 máàkì fún àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú. Ẹgbẹ́ wo? Gbogbo ẹgbẹ́ tó wà nílé aṣòfin nígbà náà. Àwọn tó ń ṣèjọba gbà, àwọn alátakò náà gbà, tiwọn gan-an ló pọ̀ jù. Eberhard von Brauchitsch tó ń bá wọn darí ilé-iṣẹ́ náà ní orúkọ tó fi ń pe ohun tí wọ́n ń ṣe: títọ́jú ilẹ̀ òṣèlú, bí ẹni ń roko, bí ẹni ń tún ọgbà òdòdó ṣe.

Ta ló tú wọn fó? Akọ̀wé owó wọn ni, bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ pé òun ń tú wọn fó. Èèyàn mi ni. Ọkùnrin yẹn kì í kọ "owó ìmọ̀ràn." Gbogbo owó tó bá jáde, á kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, á kọ ọjọ́, á kọ iye, á wá fi ìkékúrú kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó túmọ̀ sí "nítorí", orúkọ olóṣèlú á sì tẹ̀ lé e. Nítorí Kohl. Nítorí Lambsdorff. Nítorí ẹni báyìí. Ní 1981, àwọn olùtọpinpin owó orí ká ìwé náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Mínísítà ọrọ̀ ajé, Otto Graf Lambsdorff, fipò sílẹ̀ ní 1984. Rainer Barzel, olórí ilé aṣòfin, tẹ̀ lé e lọ́dún kan náà. Ní 1987, ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn lé Lambsdorff àti mínísítà tó ṣáájú rẹ̀ lórí, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún méjì tí kò ní lọ fún von Brauchitsch.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí mò ń lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n dá wọn lẹ́bi lé lórí ni jìbìtì owó orí, nítorí bí wọ́n ṣe gbé owó ìdáwó gba ẹ̀yìn. Ti rìbá kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ilé ẹjọ́ ò rí ibi tó lè nawọ́ sí pé owó báyìí ló ra àmì ìbuwọ́lùwé báyìí. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ rí i? Nígbà tó jẹ́ pé gbogbo èèyàn lẹ fún, ní gbogbo ìgbà, yálà ẹ nílò nǹkan lọ́jọ́ náà tàbí ẹ ò nílò rẹ̀, ta ló fẹ́ so owó kan mọ́ ojúrere kan? Bí ẹ bá fún ẹnì kan ṣoṣo, aráyé á máa wo ọwọ́ yín, wọ́n á máa wo ọwọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fún gbogbo wọn, ojú á pòfo. Ọ̀pọ̀ rò pé àṣírí ni agbádá tí ẹ fi ń bo ìdáwó. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Fífún tọ̀tún tòsì gan-an ni agbádá náà.

Mo mọ èsì tó wà lẹ́nu yín. Ẹ ó ní ìbẹ̀rù ni, pé bí ẹ ò bá fún ẹni tó ń bọ̀, á fi ilé-iṣẹ́ yín gbẹ̀san bó bá dé. Mi ò ní jiyàn. Adìẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ yín, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Fritz Thyssen, onílé-iṣẹ́ irin, ti ń dáwó fún ẹgbẹ́ Hitler láti 1923, kí gbogbo ẹgbẹ́ tó dé. Nígbà tó ta ko ogun ní 1939, ńṣe ló sá kúrò nílùú. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ohun ìní rẹ̀, wọ́n gba ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n mú un ní Faransé, àtìmọ́lé àti àgọ́ ìfìyàjẹni ló sì wà títí ogun fi fẹ́ parí. Ẹ wo Chung Ju-yung náà, ẹni tó dá Hyundai sílẹ̀ ní Gúúsù Kòríà. Nígbà tó di 1992, ó jáde síta, ó ní ó ti sú òun láti máa gbówó fún àwọn Ààrẹ. Ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀ sílẹ̀, ó díje, ó fìdí rẹmi. Ìjọba tuntun gbé e lọ sílé ẹjọ́ pé owó ilé-iṣẹ́ ló fi polongo ìbò, wọ́n sì dá a lẹ́bi. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, Elon Musk ná ju mílíọ̀nù 250 dọ́là láti gbé Trump wọlé ní 2024. Ní oṣù Kẹfà ọdún tó tẹ̀ lé e, àárín wọn dàrú, Trump sì kọ ọ́ síta pé bí ìjọba bá fẹ́ dín ìnáwó kù, ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí wọ́n fagi lé iṣẹ́ àgbàṣe tí ìjọba gbé fún Musk. Mílíọ̀nù 250 ò ra ọdún kan.

Nítorí náà, mo gbà pé ẹ̀rù ń bà yín. Ẹ̀rù ń ba okùn náà.

Èmi ò sì lè gbàgbé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù yẹn. Ní Gúúsù Kòríà kan náà, nígbà tí ìbò Ààrẹ 2002 ń bọ̀, ilé-iṣẹ́ LG kó bílíọ̀nù 15 won (owó ilẹ̀ Kòríà), owó bébà, sínú àpótí tó lé ní 60. Wọ́n to àwọn àpótí náà sínú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n wà á dé ibi tí àwọn awakọ̀ ti máa ń sinmi lẹ́bàá òpópónà tó ti Seoul lọ sí Busan. Agbẹjọ́rò olùdíje kan ló wá pàdé wọn. Wọn ò já àpótí kankan sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́, òun náà sì wa ọkọ̀ náà lọ tòun tẹrù. Mo máa ń fojú inú wo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwọn awakọ̀ yòókù ń na ẹsẹ̀, àwọn kan ń wá ilé ìtura, ìjọba ọjọ́ iwájú wà nínú ọkọ̀ kan láàárín wọn, ẹ́ńjìnnì ń dún. Olùdíje náà ò wọlé o! Ìgbà tí wọ́n wá yẹ ìdí ọ̀rọ̀ wò, wọ́n rí i pé àwọn tó wọlé náà ti gba tiwọn lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, ó kàn kéré sí tẹni tó fìdí rẹmi ni. Ní 2004, wọ́n ṣe òfin pé ilé-iṣẹ́ kankan ò gbọ́dọ̀ dáwó fún olóṣèlú mọ́.

Àwọn míì ní kí ló dé tí ẹ ó fi máa lo ọkọ̀ akẹ́rù nígbà tí òfin lè ṣe é fún yín. Íńdíà ni wọ́n ti ṣe ìyẹn. Láti 2018, ẹni tó bá fẹ́ dáwó á ra ìwé ìdáwó ní báǹkì ìjọba, State Bank of India. Èyí tó kéré jù jẹ́ rúpì 1,000, èyí tó pọ̀ jù jẹ́ mílíọ̀nù 10. Kò sí orúkọ ẹni tó rà á lára rẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ̀rù má baà ba olùdáwó ni, pé ẹnikẹ́ni ò ní mọ ẹni tó fún ta. Oníròyìn kan ra èyí tó jẹ́ rúpì 1,000, ó gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò, wọ́n tan iná àrà ọ̀tọ̀ sí i, nọ́ńbà tí ojú lásán ò lè rí sì yọ kedere lára ìwé náà. Ará ìlú ni wọ́n fi orúkọ pamọ́ fún. Báǹkì ìjọba ní nọ́ńbà.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 2024, adájọ́ márùn-ún nílé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Íńdíà fi ohùn ṣọ̀kan pé òfin náà kò bá ìwé òfin ilẹ̀ wọn mu. Báǹkì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun láàyè di ìparí oṣù Kẹfà kí òun tó to orúkọ jọ. Ilé ẹjọ́ kọ̀, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fún wọn, orúkọ sì jáde. Ẹni tó ra ìwé náà jù lọ ni ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ lọ́tìrì kan, Future Gaming, ó lé ní bílíọ̀nù 13 rúpì. Àwọn ọlọ́pàá owó ti ń wádìí wọn fún ọdún mélòó kan kó tó di ìgbà náà. Ẹ sì gbọ́ bí wọ́n ṣe pín in. Wọ́n fún ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ní ìpínlẹ̀ kan, wọ́n fún òmíràn tó ń ṣèjọba ní ìpínlẹ̀ míì, wọ́n tún fún BJP tó wà nínú ìjọba àpapọ̀, tí àwọn méjì àkọ́kọ́ ń bá jà lójoojúmọ́. Ọmọ ìyá Flick ni.

Àwọn kan nínú yín á tún fi Michael Bloomberg dá mi lóhùn, pé ó ná ju bílíọ̀nù kan dọ́là láti di Ààrẹ Amẹ́ríkà ní 2020, tí kò sì rí ju erékùṣù kékeré kan mú, pé ẹ wò ó, owó ò lè ra ìbò. Òótọ́ ni. Bloomberg fẹ́ kí aráàlú dìbò fún òun, aráàlú sì kọ̀. Ẹ̀yin ò béèrè ìbò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ẹ ń rà ni kí wọ́n gbé fóònù bí ẹ bá pè, ìyẹn ò sì nílò kí ẹni tí ẹ fún wọlé lónìí.

Mo tún fẹ́ bi yín pé owó ta? Ilé-iṣẹ́ tí ìpín rẹ̀ wà lọ́jà, àwọn onípìn-ín ló ni ín. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń yọ owó ìfẹ̀yìntì wọn lóṣooṣù, tí àwọn tó ń tọ́jú owó náà sì fi ra ìpín lọ́dọ̀ yín. Ọ̀kan á fẹ́ràn ẹgbẹ́ yìí, èkejì á kórìíra rẹ̀, ẹ ó wá kó owó àwọn méjèèjì fún àwọn tí kò sí nínú wọn tó yàn. Amẹ́ríkà ti mọ èyí láti 1907, ìgbà tí wọ́n ṣòfin pé ilé-iṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ fún olùdíje ìjọba àpapọ̀ lówó. Kánádà dí ojú ọ̀nà náà pa pátápátá ní 2006. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Brazil dí tiwọn ní 2015. Òfin àwọn ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà náà sọ ọ́ láìfepobọyọ̀ pé ilé-iṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ dáwó fún ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí fún ọ̀rọ̀ òṣèlú kankan, pé ẹni tó bá fọwọ́ sí i á dá owó náà padà, á sì tún san iye kan náà bí owó ìtanràn. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi wá ẹni tó ti san án. Ní ti Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ti fi ibò márùn-ún sí mẹ́rin ṣí fèrèsé ńlá sára ilẹ̀kùn 1907 yẹn ní ọjọ́ 21 oṣù Kìíní ọdún 2010: ilé-iṣẹ́ lè ná iye tó bá wù ú sórí ìbò, bí kò bá ṣáà ti gbé e lé olùdíje lọ́wọ́.

Kí n sọ ti Charles Koch, onílé-iṣẹ́ ńlá ní Amẹ́ríkà, àti David àbúrò rẹ̀ tó ti dolóògbé, torí wọ́n á sọ pé mo yọ wọ́n sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2015, àwọn àtàwọn olówó tó ń bá wọn rìn kéde pé àwọn fẹ́ ná mílíọ̀nù 889 dọ́là láàárín ọdún méjì. Èrò wọn àti tèmi ò pàdé níbì kankan, owó náà sì pọ̀ ju ohun tó yẹ kí èèyàn díẹ̀ ní lẹ́nu. Ibi tí wọ́n ti jẹ̀bi jù lójú mi ni àwọn orúkọ tó wà lẹ́yìn owó náà tí wọn ò fi han aráyé. Síbẹ̀, bí ẹ bá jí mi lóru pé kí ni Koch ń fẹ́, mo lè sọ ọ́: ìjọba kékeré, owó orí kékeré, kí òfin má yọ ilé-iṣẹ́ lẹ́nu. Wọ́n ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Mo lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jà. Ẹ̀yin ńkọ́? Bí wọ́n bá jí mi lóru pé kí ni ẹ̀yin gbà gbọ́, kí ni kí n sọ?

Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún kò le. Ẹ mú ẹyọ kan. Bí ẹ bá máa dáwó, ẹ yan ẹni tí ẹ gbà gbọ́, ẹ yọ ọ́ látinú àpò tiyín, ẹ má fọwọ́ kan ti ilé-iṣẹ́, kí ẹ sì jẹ́ ká mọ̀ lọ́jọ́ tí owó bá jáde, kí ìbò tó dé. Ẹni tí ẹ ò yàn lè bínú. Ìyẹn ni iye tí ìgbàgbọ́ ń náni, gbogbo wa ni a sì ń san tiwa. Òṣìṣẹ́ tó bá ń sọ̀rọ̀ òṣèlú lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀ pé ọ̀gá lè bínú. Ẹni tó bá lẹ àwòrán olùdíje mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ̀ pé aládùúgbò lè má kí òun mọ́. Bí ẹ kò bá lè yan ẹyọ kan, a jẹ́ pé ẹ ò ní ẹni tí ẹ fẹ́ràn nínú wọn, kí ẹ wá fi owó yín sápò, kí ẹ fi kún owó oṣù àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́. Wọ́n á dúpẹ́ ju Krupp lọ.

Ẹ̀yin aṣòfin tí ẹ bá ń ka lẹ́tà tí kì í ṣe tiyín, ẹ lè sọ ọ́ di òfin: ẹni tó bá ti dáwó fún ẹgbẹ́ kan lórí ìbò kan, kó má lè dá fún ẹgbẹ́ tó ń bá a du ipò náà. Ìlà kan péré ni nínú ìwé òfin. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní ṣe é, torí ẹnu tó jẹ dòdò ni, ṣùgbọ́n mo ti sọ tèmi.

Mo ń retí èsì yín, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn agbẹjọ́rò bá yín kọ ọ́, ó máa gùn jù. Ẹ kọ ọ́ bí akọ̀wé owó Flick ṣe máa ń kọ tiẹ̀: ọjọ́ wo, èló, nítorí ta. Bí ó bá ju ojú ewé kan lọ, mo ní àkókò, mo ti fẹ̀yìntì.

Èmi ni tiyín,
Olùṣirò owó kan